Ikú Damilola Taylor Nínú Fíìmù: Ta Ló Yẹ Kó Sọ Ìtàn Ọmọ Tí Ọmọdé Pa?

Fíìmù tí wọ́n bá gbé ka ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, pàápàá èyí tí àwọn ọmọdé hù sí ọmọdé ẹlẹgbẹ́ wọn, máa ń da ọkàn òǹwòran láàmú ju eré àròsọ lọ, nítorí pé ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí òun ń rí nínú àwòrán ní ẹni tó ni ín, pé ìyá tó ń sunkún níbẹ̀ ti gbé ayé rí, àti pé kò sí bí eré náà ṣe lè parí tí ọmọ náà yóò fi jí dìde. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, èyí tó kan àwọn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n jù lọ ni Damilola, Our Loved Boy, eré oníwákàtí kan àti ààbọ̀ tí ilé-iṣẹ́ BBC gbé jáde ní Ìlú Ọba ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ó dá lórí ikú Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì pa ní Peckham, ní gúúsù London, ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi irú eré báyìí kọjá bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ohun tó ṣe kókó ni pé ẹ̀yìn ta ni eré náà dúró sí, ṣé ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n pa ni, àbí ẹ̀yìn ìran àpéwò tí ikú rẹ̀ jẹ́ lójú ayé.

Oṣù mélòó kan péré ni ọmọ náà lò ní London kí ọ̀ràn náà tó dé. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ni Gloria, ìyá rẹ̀, kó àwọn ọmọ wá sí Ìlú Ọba, pàápàá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí àìsàn wárápá ń bá fínra gidigidi, lè rí ìtọ́jú tó péye, tí Richard, bàbá wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba, sì dúró sí Nàìjíríà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ìyá kó ọmọ lọ kí bàbá máa fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe tuntun sí ìdílé púpọ̀ ní Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pa á, Damilola kúrò ní ilé ìkàwé Peckham, níbi tó ti lọ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé-ìwé. Kámẹ́rà àbò ya àwòrán rẹ̀ bó ti ń rìn lọ nínú aṣọ òtútù rẹ̀, àwòrán tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì mọ̀ títí di òní. Kò tíì dé ilé nígbà tí wọ́n fi ìgò tó fọ́ gún un ní itan òsì. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ibi àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò North Peckham, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ sì ti dà lára rẹ̀ títí tí ọwọ́ àwọn olùtọ́jú kò fi ká a mọ́.

Ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ọgbẹ́ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń mú ọ̀bẹ káàkiri gbà gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá gún ní ẹsẹ̀ kò lè kú, pé ìkìlọ̀ lásán ni. Iṣan ńlá kan wà nínú itan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ẹsẹ̀, agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá já, ènìyàn lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ tó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó mọ̀ pé kí òun fi gbogbo agbára tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ títí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Iṣan yìí ni ìgò náà gé lára ọmọ náà.

Bí ìdájọ́ ṣe yà kúrò lọ́nà lẹ́yìn ikú yìí burú tó ikú náà fún àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 2002, ọ̀dọ́langba mẹ́rin fojú ba ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní London, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbára lé kò dúró níwájú adájọ́, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gba ìdáǹdè. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni àyẹ̀wò tuntun tí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣe lórí àwọn aṣọ àti bàtà tí ọlọ́pàá ti gbà lọ́wọ́ àwọn afurasí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára bàtà kànfáàsì kan àti ní etí ọwọ́ aṣọ kan, wọ́n sì fi DNA mọ̀ ọ́n sí ẹ̀jẹ̀ Damilola. DNA yìí ni àmì àjogúnbá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti irun ènìyàn, tí ti ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn mu àfi ti àwọn ìbejì tó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ìjọba ti yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò tẹ́lẹ̀ láìrí ẹ̀jẹ̀ náà, ìwádìí tí wọ́n sì gbé jáde ní 2007 sọ pé àṣìṣe ọmọ ènìyàn ló fà á. Ní gbogbo ọdún tí bàbá àti ìyá náà fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ilé-ẹjọ́, ẹ̀rí tí wọ́n ń wá wà nínú àpò, lọ́wọ́ ìjọba.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ kan nínú ọdún náà tí ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń dá ẹjọ́ kò fi lè fẹnu kò, ilé-ẹjọ́ dá àwọn arákùnrin méjì kan lẹ́bi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 12 tí èkejì sì jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi tí wọ́n dá wọn kì í ṣe ti ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, èyí tí òfin Gẹ̀ẹ́sì kà sí pé ẹni náà pinnu láti pa ènìyàn tàbí láti ṣe é léṣe gidigidi, bí kò ṣe ti ìpànìyàn tó fúyẹ́ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, tí ìwà àìdáa kan yọrí sí ikú láìjẹ́ pé wọ́n lè fi hàn pé ikú ni ẹni náà gbèrò. Ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ ni adájọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà bínú sí ìdájọ́ yìí, ìbínú náà sì yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ló wà nídìí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá ti pé ọdún 10 lè jẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn ti apá gúúsù sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kò ní ẹ̀bi kankan, àti pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 kò ní ẹ̀bi àfi bí wọ́n bá fi hàn pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, wá ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ilé-ẹjọ́ ìdílé, níbi tí àtúnṣe ọmọ náà yóò ti ṣáájú ìyà.

Levi David Addai, ọmọ London tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Gánà, ló kọ eré Damilola, Euros Lyn sì ló darí rẹ̀. Babou Ceesay ló ṣe bàbá. Wunmi Mosaku, tí wọ́n bí ní Zaria tí ó sì dàgbà ní Manchester, ló ṣe ìyá. Ẹni tó bá retí pé òun yóò rí ọ̀bẹ, ìgò àti eré sísá nínú òkùnkùn kò ní rí ohun tó ń wá, nítorí pé inú ilé ni eré náà dúró sí: ó ń wo bàbá tó wà lókèèrè nígbà tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, tó sì dé láti wá di ẹni tí àwọn oníròyìn ń gbé ẹ̀rọ sí lẹ́nu, ó ń wo ìyá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dínkù lójoojúmọ́, ó ń wo ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí kò mọ ibi tí yóò gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ sí, àti bí ìbànújẹ́ kan náà tí tọkọtaya náà jọ ní ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọ́n nípá. Richard Taylor fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ó sì bá àwọn tó ṣe é sọ̀rọ̀. Gloria kò dúró rí i. Ó ti kú ní 2008. Ní 2017 ẹgbẹ́ BAFTA fún eré náà ní àmì ẹ̀yẹ eré orí tẹlifíṣọ̀n tó dára jù lọ nínú irú rẹ̀, wọ́n sì fún Mosaku ní ti obìnrin tó ṣe ìrànlọ́wọ́ nínú eré. Àmì ẹ̀yẹ náà tọ́ sí obìnrin yìí: ó ṣe ìyá Yorùbá tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì láìṣe àṣerégèé, láìyí ẹkún di ariwo.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù irú èyí ló gba ọ̀nà yìí. Ní 1993, àwọn ọmọkùnrin méjì ọlọ́dún 10 jí James Bulger, ọmọ ọdún méjì, gbé ní ilé-ìtajà kan nítòsí Liverpool, wọ́n sì pa á. Nígbà tí Vincent Lambe, ọmọ ilẹ̀ Ireland, wá ṣe fíìmù kúkúrú kan tó ń jẹ́ Detainment láti inú ìwé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ọlọ́pàá ṣe fún àwọn ọmọ méjèèjì, kò kọ́kọ́ sọ fún ìyá ọmọ tó kú. Àwọn aṣojú ẹ̀bùn Oscar yan fíìmù náà mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn ní 2019, ìyá náà sì ké gbàjarè pé wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun wá orúkọ láìbi òun léèrè. Ní Nàìjíríà, Linda Ikeji ṣe agbátẹrù Dark October, tó dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ilé-ẹ̀kọ́ gíga Port Harcourt tí àwọn ará Aluu lù pa tí wọ́n sì dáná sun ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012 lórí ẹ̀sùn olè. Àwọn kan tó ń gbẹnu sọ fún àwọn ẹbí náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé e jáde; Netflix gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ó lè jẹ́ pé èrò rere ló wà lọ́kàn Lambe àti Ikeji, ṣùgbọ́n èrò rere kò sọ ẹni tí kò gbàṣẹ di onílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè fún àwọn ará Akínyẹlé, ìjọba ìbílẹ̀ kan nítòsí Ìbàdàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ léraléra ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé ara wọn ní ọ̀sán gangan; láti Mọ́níyà títí dé Ìjàyè, ẹ̀rù ba àwọn obìnrin láti dá wà nílé tàbí lóko. Nínú oṣù Keje, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan pẹ̀lú oníṣègùn ìbílẹ̀ kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó rán an níṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì sọ níwájú àwọn oníròyìn pé 500 náírà ni oníṣègùn náà ń fún òun lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Kẹjọ ó sá kúrò ní àhámọ́ ọlọ́pàá, kí oṣù náà tó parí wọ́n sì ti tún mú un. Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní Abẹ́òkúta, ọlọ́pàá mú àwọn ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 sí 20 lọ, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan fún ògùn owó. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook ni òun ti wá ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ariwo fíìmù dé. Àwọn aṣòfin ní Àbújá dá fíìmù Nàìjíríà lẹ́bi nínú oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tó sì di ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò kéde òfin tuntun tó lòdì sí fíìmù tó bá ń gbé ògùn owó àti ìpànìyàn ṣètùtù ga. Òfin náà ní ìdí, nítorí pé eré tó ń fi ọmọ tó pa ìyá rẹ̀ hàn nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì fún wákàtí kan, tó wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ìparí dá a lẹ́jọ́, kò tíì bá ọmọ tó ń wò ó sọ òtítọ́. Síbẹ̀ iye ọjọ́ orí tí ìgbìmọ̀ náà ń kọ sára fíìmù kò lágbára lórí fóònù tí ọmọ ọdún 13 ń dá wò lábẹ́ aṣọ ìbora, kì í sì í ṣe fíìmù ló dá ìgbàgbọ́ nínú ògùn owó sílẹ̀; àwọn àgbàlagbà ló ń ta á fún àwọn ọmọ, bí ẹ̀sùn Akínyẹlé ti fi hàn.

Ohun tí eré Damilola ní tí àwọn eré ògùn owó kò ní ni àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ikú. Nínú eré ògùn owó, ẹni tí wọ́n pa máa ń kúrò nínú ìtàn ní kété tó bá ti kú, ó di iwin tàbí àlá. Nínú eré Damilola, ikú rẹ̀ ni ìtàn fi bẹ̀rẹ̀, òǹwòran sì gbọ́dọ̀ jókòó ti bàbá, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dọ́ tó bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ tán yóò mọ ohun tí ìgò kan ń ṣe sí odindi ilé, ìmọ̀ yìí sì wúlò fún un ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi gbé kámẹ́rà lọ sí Akínyẹlé, bí wọ́n ti gbé e lọ sí Aluu. Kí ẹni náà tó kọ ìlà kan nínú eré rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wọ inú àwọn abúlé wọ̀nyẹn, kí ó bá àwọn ọkọ, àwọn òbí àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ nípa òkú wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò fẹ́, kí ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, kí ó padà sílé.