Ife Tí A Fi Ń Mu Omi: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀



Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkirè àti Àpòmù ló ń sa gbogbo ipá wọn lórí omi mímu. Àwọn kan ń se omi kànga kí wọ́n tó mu ún, àwọn kan ń pọn omi ẹ̀rọ, àwọn mìíràn sì ń ra píọ̀wọ́tà. Ṣùgbọ́n ife ni omi náà ń fara kàn gbẹ̀yìn kí ó tó dé ẹnu wa. Bí ife bá dọ̀tí, gbogbo wàhálà tí a ṣe lórí omi di asán. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ife gíláàsì lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí a bá fẹ́ rà á

Ife gíláàsì dára nítorí pé kì í fa epo tàbí òórùn mọ́ra, ojú sì ń rí ìdọ̀tí tó bá wà nínú rẹ̀. Ife ike kò burú fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n bí kànìnkànìn bá ti ha inú rẹ̀, inú àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Irú èyí ti tó pààrọ̀.

Ní ọjà, ẹ gbé gíláàsì sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì yí i yíká. Ẹ wò ó bóyá ó ti sán tàbí ó ti bu létí. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ rí i pé kò mì. Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó tí ọwọ́ yóò fi lè wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí ọwọ́ kò bá dé, kànìnkànìn kò lè fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ife tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà ya òdòdó tàbí àwòrán sí ní etí, pàápàá tòkunbọ̀. Ní ọdún 2017, ìwádìí kan láti Yunifásítì Plymouth ní Ìlú Ọba fi hàn pé òjé àti cadmium wà nínú ọ̀dà ara ọ̀pọ̀ irú ife bẹ́ẹ̀. Òjé kì í ṣe ohun eré. Òun náà ni ó pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta wúrà láàárín ilé. Ti inú ife kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ọ̀dà ń wá ní ibi tí ètè ń kàn? Èyí tí kò ní ọ̀dà rárá ló dára jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíláàsì tó nípọn ni yóò gba ẹ̀kọ tàbí tíì gbígbóná. Òdìkejì ni. Ooru máa ń mú kí gíláàsì fẹ̀. Bí a bá da ohun gbígbóná sínú èyí tó nípọn, inú rẹ̀ ti fẹ̀ kí ooru tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ni yóò bá là. Nítorí náà, bí a bá jí sí sààrì, ẹ jẹ́ kí a fi mọ́ọ̀gì mu ohun gbígbóná, kí a fi gíláàsì sílẹ̀ fún omi.

Ife tó ti bu létí

Nínú hádíìsì tí Abu Sa'id al-Khudri gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti máa mu omi níbi tí ife ti bu, àti láti máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú ohun mímu. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere. Ibẹ̀ lè gé ètè, ẹ̀rún gíláàsì lè já sínú omi, kànìnkànìn kì í sì í wọ ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe gbé irú ife bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé tàbí ọmọ iṣẹ́, ẹ má sì fi ṣe sàárà fún mọ́sálásí. Ohun tí ẹnu wa kọ̀, kò yẹ kí a fi fún ẹnu ẹlòmíràn. Ẹ fi ìwé tó nípọn wé e, kí ẹ dè é kí ẹ tó sọ ọ́ nù, nítorí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sáré kiri.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Ẹni tó fi ọwọ́ jẹ dòdò Ìkirè mọ bí epo ṣe ń lẹ̀ mọ́ ife. Omi nìkan kò lè yọ epo. Ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni yóò yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ àwọn ife kí ẹ tó fọ àwo ọbẹ̀, kí ẹ sì ní kànìnkànìn tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ dojú wọn dé sórí ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí wọ́n gbẹ fúnra wọn. Aṣọ ìnujú tó tutù lè dá ìdọ̀tí padà sára wọn. Bí funfun bá dì mọ́ wọn lára nítorí omi kànga, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣàn wọ́n.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe jù ni òde wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ àti ìṣínu. Wọn a bu omi sínú abọ́ kan, wọn a máa ti ife bọ̀ ọ́, ọgọ́rùn-ún ènìyàn a sì fi mu omi. Ohun tó wà ní ẹnu ẹni kan ti di ti gbogbo àwùjọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Omi àti oúnjẹ tó ti dọ̀tí ni àrùn yìí ń bá wọlé. Ẹ jẹ́ kí a máa da omi lé ife lórí, kí omi ìdọ̀tí máa ṣàn lọ, tàbí kí a sọ fún àlejò kí wọ́n mú ife tiwọn wá.

Ibi tó yẹ kí ife sùn

Hádíìsì tí Jabir gbà wá, tí ó wà nínú Sahih Muslim, pa á láṣẹ pé kí a máa bo ohun èlò wa lálẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe bá wa mu. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé wà lára ohun tó ń fa ibà Lassa. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá Ọ̀ṣun pààlà wà lára ibi tó ti ń jà jù báyìí. Ife tó sun orí tábìlì láìbò, a kò mọ ohun tó gun orí rẹ̀ lóru. Ẹ kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn tàbí ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì ṣàn wọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó lò wọ́n.

Ní alẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo ife ilé yín jáde, kí ẹ yẹ etí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ èyí tó ti bu, kí ẹ sì bo ìyókù. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí wa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.