Ọ́ìlì àti Fílítà Ọkọ̀: Ẹ̀yìn Gálọ́ọ̀nù Ni Kí Ẹ Wò, Kì í Ṣe Owó Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló ń wa ọkọ̀ tó ti pẹ́, tí a tún fi ń gba títì A24 láàárín Berlin àti Hamburg lópin ọ̀sẹ̀ lọ síbi ìkómọ àti ìgbéyàwó. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá nọ́ọ̀kì, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju iye tí a ra ọkọ̀ náà lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí gálọ́ọ̀nù 5W-30 méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí owó ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. Èwo ló dára jù? Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá o. Bí ọ́ìlì ṣe ki tó ni 5W-30 ń sọ: 5W fún ìgbà òtútù, 30 fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Kò sọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ẹ yí gálọ́ọ̀nù náà padà, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ Freigabe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti fọwọ́ sí ọ́ìlì náà, bíi VW 504 00/507 00 tàbí MB 229.51. Bó bá jẹ́ "empfohlen" ni wọ́n kọ, ẹni tó ṣe ọ́ìlì ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dára. Nọ́mbà ti ọkọ̀ yín wà nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Bí Freigabe nọ́mbà náà bá wà lára gálọ́ọ̀nù méjèèjì, ìdánwò kan náà ni wọ́n yege. Ẹ ra èyí tí kò wọ́n. Ẹni tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní fílítà èéfín gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí ọ́ìlì tí kò bá a mu á fi eérú dí i.

Fílítà ọ́ìlì ńkọ́? Bébà tí wọ́n ká wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ ló ń mú ìdọ̀tí. Bó bá dí, fáàfù kékeré kan á ṣí kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbẹ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì onídọ̀tí ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Fílítà alágolo tó dára sábà máa ń ní rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà nígbà tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú. Bí rọ́bà náà bá ti le, ẹ́ńjìnnì lè máa ké díẹ̀ láàárọ̀. Mann ní Ludwigsburg, Mahle ní Stuttgart àti Hengst ní Münster ń ṣe fílítà fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gan-an, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ ra èyí tó ní orúkọ ọkọ̀ lára.

Ìgbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ fílítà. Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sínú gọ́tà o! Òfin Jámánì ní kí ẹni tó ta ọ́ìlì fún yín gba iye kan náà padà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹni tó bá sì ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé láti èbúté Hamburg, kó kọ nọ́mbà ọ́ìlì náà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí mẹkáníìkì ilé lè rí i. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lójú pópó.