Àtúntò Ìfihàn Ẹbí Ńlá Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Ń Kọ Ìtàn Ìran: Àpẹẹrẹ Láti Àkókó

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè tún ìfihàn ẹbí ńlá tò nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìran. Ẹni tí ó bá gbọ́ orí ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ojú ìwé lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ipò tí orúkọ ènìyàn wà nínú ìtàn ìran ni ó ń sọ bóyá ó lè du oyè, bóyá ó ní ìpín nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹ́. Ní Ìkàrẹ́, níbi tí a ti mọ Olúkàrẹ́ àti Ọwá-Àlẹ̀, àti ní Ọ̀kà, níbi tí a ti mọ Olúbàkà àti Asin, ọ̀rọ̀ ìdílé tí ènìyàn ti wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Òfin Oyè ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1957, àti ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1984, ìjọba ń béèrè àkọsílẹ̀: iye ìdílé tí ń jẹ oyè, bí oyè yóò ṣe máa yí láàrin wọn, àti irú ẹni tí ìdílé lè fà kalẹ̀. Nítorí náà, àtẹ ìran tí ọmọ ilé kan fi kọ̀ǹpútà yà lè di ohun tí a gbé síwájú ìpàdé ẹbí tàbí síwájú adájọ́. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ó ń mú kí ẹbí ńlá dí ojú àtẹ. Lẹ́yìn náà, a ó wo àwọn ọ̀nà àtúntò àti ewu tí ó wà nínú wọn.

2.0 Bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń rí ẹbí

Ìlànà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò wọ̀nyí fi ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn ni a ń pè ní GEDCOM. Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1984. Nínú ìlànà yìí, ọkọ kan àti ìyàwó kan ni àkọsílẹ̀ ẹbí kọ̀ọ̀kan lè gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ọmọ kò ní òǹkà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bàbá tí ó ní ìyàwó mẹ́rin yóò ní àkọsílẹ̀ ẹbí mẹ́rin, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí irọ́ nínú èyí. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ètò bá fẹ́ ya ohun tí ó kọ.

Kí á mú bàbá kan tí a ó pè ní A. Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Ìyálé bí ọmọ méje, ìyàwó kejì bí márùn-ún, ẹ̀kẹta bí mẹ́rin, ẹ̀kẹrin bí mẹ́fà. Àpapọ̀ ọmọ jẹ́ 22. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá bí márùn-ún, ọmọ-ọmọ di 110. Kí á sọ pé àpótí orúkọ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí àlàfo ìdajì sẹ̀ǹtímítà sì wà láàrin wọn. Ìlà àwọn ọmọ nìkan yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 99. Ti àwọn ọmọ-ọmọ yóò tó 495, èyí tí ó súnmọ́ mítà márùn-ún. Bébà A4 tí a dá ní ìbú kò ju sẹ̀ǹtímítà 29.7 lọ. A ó nílò bébà 17 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí á tó rí ìran kẹta nìkan. Bí a bá sì ní kí ètò fún gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú bébà kan, lẹ́tà yóò kéré ju ohun tí ojú àgbà lè kà lọ.

3.0 Ìdí igi àti orí-ò-jorí

Àwọn Òyìnbó ń fi igi kan ṣoṣo ṣe àpèjúwe ìran. Yorùbá náà ní igi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n igi tiwa yàtọ̀. Nígbà tí a bá ń pín ogún ní ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ ni ìdí igi kan. Bàbá A kò ní igi kan. Igi mẹ́rin ni ó ní. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ 22 ni yóò gba ìpín ọgbọọgba.

Ìyàtọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, bàbá kan kú ní Èkó ní ọdún 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ yí i padà ní ọdún 1958, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà. Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1962.

Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ọmọ ìyàwó kẹta yóò gba ìdá kan nínú 16 bí a bá lo ìdí igi, ọmọ ìyálé yóò sì gba ìdá kan nínú 28. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdá kan nínú 22 ni ti olúkúlùkù. Nítorí náà, ètò tí ó to àwọn ọmọ 22 sí ìlà kan lábẹ́ bàbá wọn, láìfi ìyá hàn, ti fi orí-ò-jorí hàn láìmọ̀. Ètò tí ó kó wọn sábẹ́ ìyá mẹ́rin ti fi ìdí igi hàn. Ẹni tí ó ń yà á gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun ń sọ.

4.0 Àwọn ọ̀nà àtúntò

4.1 Yíyí ojú àtẹ. Nínú ètò bíi Gramps, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2001, a lè sọ pé kí àtẹ máa ti òsì lọ sí ọ̀tún dípò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, nítorí pé orúkọ gùn ju bí ó ti ga lọ. Bí àpótí bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.2, ọmọ-ọmọ 110 yóò gba sẹ̀ǹtímítà 132. Bébà márùn-ún tí a dá dúró ni èyí, dípò 17. Ìpele mẹ́rin, ìyẹn bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, yóò gba sẹ̀ǹtímítà 19 ní ìbú bí àlàfo ìpele bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Wọ́n yóò sì wọ inú bébà tí ó fẹ̀ ní 21. Nínú gbogbo àtúntò, èyí ni a bá kọ́kọ́ dán wò.

4.2 Dídín iye ìran kù. A lè ní kí àtẹ dúró ní ìran kẹta, kí á sì ya ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí bébà tirẹ̀, láti orí ìyá kọ̀ọ̀kan. Báyìí, agboolé yóò ní bébà àkọ́kọ́ kan àti bébà ìdí igi mẹ́rin. Ọ̀nà yìí bá ìpàdé ẹbí mu, nítorí pé ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan lè gba tiwọn lọ yẹ̀ wò kí wọ́n sì tún un ṣe.

4.3 Pípa ẹ̀ka dé. Àwọn ètò kan gbà kí á pa ẹ̀ka kan dé lójú àtẹ, kí ó ku orúkọ olórí ẹ̀ka nìkan. Pípadé yàtọ̀ sí pípa rẹ́: àkọsílẹ̀ ṣì wà nínú ètò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú bébà lọ́wọ́ kò mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ pé, fún àpẹẹrẹ, ènìyàn 24 wà lábẹ́ ẹ̀ka ìyàwó kẹta.

4.4 Ètò àgbà. Ìyálé ṣáájú ìyàwó nítorí pé ó ṣáájú wọlé, ẹ̀gbọ́n sì ṣáájú àbúrò. Bí kò bá sí ọjọ́ nínú àkọsílẹ̀, ètò lè to ènìyàn bí a ṣe tẹ orúkọ wọn wọlé. A lè fi ọwọ́ tún un tò, tàbí kí á lo ọjọ́ àfojúbù. Ẹni tí a mọ̀ pé a bí kí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tó dé, a lè kọ ọ́ pé ṣáájú 1918. Ìlànà GEDCOM gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

4.5 Opó ṣíṣú. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àbúrò ọkọ sì ṣú lópó, lè bímọ fún ọkùnrin méjèèjì. Lójú àtẹ, ìlà yóò kọjá lórí ara wọn, tàbí kí ètò ya obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá yà á lẹ́ẹ̀mejì, kí á fi àmì kan náà sí ara àpótí méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ènìyàn méjì ni.

5.0 Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún

P. C. Lloyd, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1966, fi hàn pé gbogbo Yorùbá kọ́ ni ó ń ka ìran lọ́nà kan náà: ìhà àríwá ń tẹ̀lé ọkùnrin, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú sì ń ka ti obìnrin mọ́ ọn. Àwọn ètò kan lè fi ìlà ọkùnrin nìkan hàn. Yíyàn yìí máa ń mú kí àtẹ fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì fani mọ́ra fún ẹni tí bébà rẹ̀ ti kún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò ó ti lé àwọn ọmọ ọmọbìnrin jáde kúrò lójú àtẹ láìbi ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀tọ́, ìjà ni yóò bí. Níbi tí wọn kò tilẹ̀ lè jẹ oyè, ìbátan ṣì ni wọ́n, àwọn ọmọ ilé kò sì gbọdọ̀ fẹ́ wọn nítorí àìmọ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ohun tí ó ń dí ojú àtẹ kì í ṣe pé ẹbí wa pọ̀ jù. Ìlànà tí ó ka ọkọ kan àti ìyàwó kan sí ẹbí ni a ń lò fún agboolé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí á kọ́kọ́ yí ojú àtẹ, kí á pín in sí ìdí igi, kí á tó ronú pípa ẹ̀ka kankan dé. Kí á kọ sí ìsàlẹ̀ bébà kọ̀ọ̀kan ọjọ́ tí a yà á, ìran tí ó parí sí, iye ènìyàn tí kò hàn, àti bóyá ìlà obìnrin wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni èyí yóò gbà. Ẹni tí ó bá wá orúkọ bàbá rẹ̀ tì lórí bébà yóò lè mọ̀ pé ńṣe ni a pa ẹ̀ka òun dé, a kò yọ òun nínú ẹbí.