Ìjà Ísírẹ́lì àti Palẹsitínì: Ojú Wo Ni Onígbàgbọ́ Fi Ń Wò Ó?

Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tí kò tíì gbọ́ àríyànjiyàn yìí nínú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìròyìn ogun Gásà bá ti jáde, àwọn Onígbàgbọ́ inú wa á gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì, àwọn Mùsùlùmí á gbè sẹ́yìn Palẹsitínì, bí ẹni tí ń wo bọ́ọ̀lù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ kò ní kí ara wọn mọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé díẹ̀, pàápàá nípa ojú tí àwọn Onígbàgbọ́ fi ń wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ojú wọn kò ṣọ̀kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìjà yìí kì í ṣe ìjà Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn Júù ni ọ̀pọ̀ ará Ísírẹ́lì ń ṣe. Àwọn Onígbàgbọ́ sì wà láàrin àwọn ará Palẹsitínì, tí ìdílé wọn ti mọ Jésù kí ìhìn rere tó dé Àgbádárìgì ní 1842. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù pàápàá, tí àwọn ènìyàn wa ń lọ kí wọ́n tó fi JP sí orúkọ wọn, abẹ́ àkóso àwọn ará Palẹsitínì ni ó wà láti 1995.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí Hitler ti pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1947 ní kí á pín ilẹ̀ náà sí méjì. Àwọn Júù gbà, àwọn Lárúbáwá kọ̀. Ní 1948 tí wọ́n dá Ísírẹ́lì sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó yí i ká gbógun tì í. Nínú ogun yẹn, nǹkan bí 700,000 ará Palẹsitínì ni wọ́n di aláìnílé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Onígbàgbọ́ pín sí. Àwọn kìíní gbà pé ìlérí Ọlọ́run fún Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kejìlá ṣì wà fún Ísírẹ́lì òde òní, àti pé ẹni tí ó bá súre fún un yóò rí ìre. Èrò yìí wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa.

Àwọn kejì ni Onígbàgbọ́ Palẹsitínì fúnra wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Naim Ateek nígbà tí àwọn ọmọ ogun lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní Beisan ní 1948. Ó di àlùfáà Áńgílíkà. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1989, ó rán wa létí ọgbà àjàrà Nábótì tí ọba Áhábù gbà. Bí Ọlọ́run bá bínú sí Áhábù nígbà náà, ṣé yóò dákẹ́ lónìí?

Àwọn kẹta ń wá àlàáfíà láàrin méjèèjì. Ìjọ Àgùdà bá Ísírẹ́lì ṣe àdéhùn ní 1993, ó bá Palẹsitínì náà ṣe é ní 2015. Ní oṣù kẹfà 2014, Póòpù Francis pe Shimon Peres àti Mahmoud Abbas wá gbàdúrà ní ilé rẹ̀. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ogun tún bẹ́ ní Gásà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìdájọ́ òdodo lẹ́yìn.

Ìjọba wa ńkọ́? Ní 1973, Gowon tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ ni ó gé okùn láàrin Nàìjíríà àti Ísírẹ́lì. Ní 1992, Babangida tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó tún un so. Ìjọba Babangida yìí kan náà ni ó ti gba Palẹsitínì ní orílẹ̀-èdè ní 1988. Lónìí, aṣojú méjèèjì ní ọ́fíìsì ní Àbújá níbí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2023, àwọn Hamas pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó nǹkan bí 250 lọ. Nínú ogun tí Ísírẹ́lì gbé dìde lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìlera Gásà ní àwọn tí ó kú lé ní 60,000. Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, bọ́ǹbù bà ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Porphyrius Mímọ́ ní Gásà, ó sì pa àwọn Onígbàgbọ́ tí wọ́n sá sí ibẹ̀. Ṣé a gbàdúrà fún wọn ní ìjọ wa?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ní èrò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ní Ísírẹ́lì ń sunkún, ìyá tí ilé wó lu ọmọ rẹ̀ ní Gásà náà ń sunkún. Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́ṣáláṣí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n jọ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ẹ̀bùn tí àwọn òbí wa fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí á ti orí ogun ẹlòmíràn sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin tí ẹ kò kí ara yín mọ́, ẹ kí ara yín lálẹ́ òní. Ire o.