Kí ló yẹ kí ajá jẹ? Ọ̀rọ̀ tí kò tíì tán láàárín àwọn alájá

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn àgbà Yorùbá tó sọ pé ohun tí ajá yóò jẹ, Èṣù á ṣe é. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí. Ajá inú agbo-ilé kì í ní abọ́ tirẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọdé bá jẹ kù, egungun tí bàbá bá jẹ tán tó jù sílẹ̀, àti ohun tó bá rí nídìí ààtàn, òun náà ni oúnjẹ rẹ̀. Ajá ọdẹ nìkan ló sàn díẹ̀ fún, nítorí pé bí òun àti ọ̀gá rẹ̀ bá rí ẹran pa nínú igbó, ìfun ẹran náà kì í kọjá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Lónìí, ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi owó gidi ra ajá. Àwọn kan ń ra Rottweiler, àwọn kan ń ra Boerboel tàbí Alsatian láti ṣọ́ ilé, àwọn mìíràn sì fẹ́ràn Lhasa kékeré tí àwọn ọmọ lè máa bá ṣeré nínú pálọ̀. Ẹni tó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní fi oúnjẹ ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún Èṣù. Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí alájá méjì bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ẹranko, kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn, wọn á ti béèrè pé, "Kí lẹ ń fún tiyín jẹ?"

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Àwọn àkọ́kọ́, tí wọ́n sì pọ̀ jù lọ, ni àwọn tó ń se oúnjẹ nílé. Wọ́n á se ìrẹsì tàbí kí wọ́n tẹ ẹ̀bà, wọ́n á wá da ẹja tútù, orí pánla, ìfun ẹran, tàbí ẹsẹ̀ àti orí adìẹ tí wọ́n bọ̀ sí i. Àlàyé tiwọn ni pé ajá tó wà nílé bàbá wọn jẹ ẹ̀bà dàgbà, ó bímọ, ó sì gbó olè, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n tún ní ti owó láti sọ. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ajá inú àpò ti ń wá, láti ìgbà tí ìjọba sì ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó rẹ̀ ti ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Ohun kan tún wà tí wọn kì í fẹ́ sọ síta: ojú ń ti wọn láti gbé àpò oúnjẹ ajá olówó iyebíye kọjá níwájú aládùúgbò tí kò tíì mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ lálẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju oúnjẹ inú àpò àti inú agolo lọ. Oúnjẹ yìí kì í ṣe tuntun. Nǹkan bí ọdún 1860 ni James Spratt, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta bisikíìtì ajá ní London. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé wọ́n ti wọn gbogbo èròjà tí ara ajá nílò sínú rẹ̀, kò sí wàhálà iná dídá, ìgbẹ́ ajá sì máa ń le, kì í rùn púpọ̀. Àwọn tó ń tọ́ ọmọ ajá ńlá ló máa ń sọ èyí jù, nítorí egungun irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ń yára dàgbà, kò sì fẹ́ àṣìṣe.

Èsì tí wọ́n máa ń fún wọn ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú àpò náà. Wọn kò parọ́ nínú ìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, wọ́n kó oúnjẹ ajá àti ológbò tó pọ̀ jáyìí kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n sì wá rí i pé melamine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ike, ti wọnú ìyẹ̀fun ọkà tí wọ́n rà láti Ṣáínà, ó sì ń ba kíndìnrín àwọn ẹran náà jẹ́. Nílùú wa ńkọ́? Àwọn kan máa ń tú àpò sílẹ̀, wọ́n á máa fi kóńgò wọn oúnjẹ náà tà. Bí ó bá ti gba atẹ́gùn àti ọ̀rinrin fún ọjọ́ pípẹ́, ó lè bu, ẹni tó sì rà á kò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpò pé yóò bàjẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kẹta kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ń ròkè. Ẹran tútù tí kò kan iná ni wọ́n ń fún ajá wọn, pẹ̀lú egungun tútù. Wọ́n ní ìbátan ìkookò ni ajá, ìkookò kò sì mọ ìkòkò. Dókítà ẹranko kan ní Ọsirélíà, Ian Billinghurst, ló mú kí èrò yìí gbilẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó kọ ní 1993. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ní 2012 pé àwọn kò fọwọ́ sí i, nítorí kòkòrò bíi Salmonella tó lè wà lára ẹran tútù, tó sì lè ti ara ajá kọjá sára àwọn ọmọdé inú ilé. Níbi tí iná mànàmáná kò dúró bíi tiwa yìí, tí ẹran inú firísà ń yọ́ lójoojúmọ́, ewu náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wá ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ? Ó fún oníkálukú ní tirẹ̀. Ní 2013, Erik Axelsson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi hàn pé ara ajá ti yàtọ̀ sí ti ìkookò: bí ajá ṣe ń bá èèyàn gbé, ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń da oúnjẹ bí ọkà. Èyí dùn mọ́ àwọn tó ń fún ajá ní ìrẹsì nínú. Àmọ́ kí wọ́n tó jó, ìwádìí mìíràn wà tí B. P. Kamalu tẹ̀ jáde ní 1993 nínú British Journal of Nutrition. Ó fún àwọn ajá kan ní oúnjẹ tó ní ẹ̀gẹ́ nínú, ó fún àwọn mìíràn ní ti ìrẹsì. Àwọn tó jẹ ẹ̀gẹ́ ló rí àbùkù nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èròjà oúnjẹ yòókù pé. Nítorí náà, ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ajá máa jẹ títí ayé rẹ̀.

Bákan náà, ọmọ ajá tó ń jẹ ẹran nìkan láìsí egungun tàbí èròjà kálísíọ̀mù lè di ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé àbímọ́ ni.

Ohun tó wúni lórí nípa àríyànjiyàn yìí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀dọ́ tó ka gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jókòó ti bàbá tó ti ń sin ajá fún ọgbọ̀n ọdún. Bí kò bá gbà, "Ẹ má bínú, sà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n..." ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí ọmọ òun máa bá a lọ. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù, nígbà tí ọkọ bá ra oúnjẹ àpò, tí ìyàwó sì ní ìrẹsì tó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ ṣòfò, tí mégádì tó ń gbé abọ́ fún ajá náà sì ń ṣe èyí tó wù ú.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí. Àlùbọ́sà, ṣokoléètì, èso àjàrà àti ṣingọ́ọ̀mù tó ní xylitol nínú jẹ́ májèlé fún ajá. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Omi tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọmọ ajá bá ń bì, tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, kí olówó rẹ̀ má jókòó máa dá oúnjẹ lẹ́bi: ó lè jẹ́ àrùn Parvo, tó ń yára pa ọmọ ajá, tó sì jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Wọ́n tún gbà pé ajá tí ebi ń pa kò lè ṣọ́ ilé, torí pé ẹran tí olè bá fi májèlé sí, tó jù wọlé, ni yóò kọ́kọ́ gbé.

Àwọn Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ alájá ló ti ń da méjì pọ̀ báyìí, oúnjẹ àpò díẹ̀, ìrẹsì àti ẹja díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí oúnjẹ ajá rẹ̀ padà, kó má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kó fi tuntun díẹ̀ sínú ti àtijọ́, kó máa fi kún un fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó sì máa wo ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá rí i pé ìgbẹ́ náà ti ń ṣomi, tàbí pé ajá ń rù, dókítà ẹranko ni kó gbé e lọ bá.