Àyẹ̀wò Ni Kí Ó Ṣíwájú Oògùn Ibà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ àti ẹ̀yin baálé ilé, bí ara ọmọ bá gbóná lóru ní agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ibà ni." Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti ra oògùn ibà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Òtútù àyà náà a máa mú kí ara gbóná, ó sì lè tètè pa ọmọdé. Bí a bá ń fi oògùn ibà wò ó, àrùn náà yóò máa le sí i. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbà wá nímọ̀ràn ní ọdún 2010 pé kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó lo oògùn ibà.

Kí ni ó wà nínú ike àyẹ̀wò náà?

Ọ̀já funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní nitrocellulose. Láti ara òwú tàbí igi ni a ti ń rí ohun tí a fi ń ṣe é. Ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí kún ara rẹ̀. Inú ihò wọ̀nyí ni ẹ̀jẹ̀ àti omi àyẹ̀wò ń gbà kọjá, bí epo ti ń gun òwú fìtílà.

Asẹ́ ògì a máa dá èèrí dúró nítorí pé èèrí tóbi ju ihò asẹ́ lọ. Ti ọ̀já yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ibà a máa tú èròjà kan tí à ń pè ní HRP2 sínú ẹ̀jẹ̀. Lójú ìlà T, a ti lẹ èròjà agbóguntàrùn mọ́ ọ̀já náà, èyí tí ó bá HRP2 mu bí àgádágodo ti bá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mu. Ohun yòókù a kọjá lọ, HRP2 a sì há síbẹ̀. Àwọ̀ tí ó ti so mọ́ ọn lọ́nà ni ó ń mú kí ìlà náà pọ́n.

Bí a ti ń ka àyẹ̀wò

1. Bí ìlà C àti ìlà T bá hàn, ibà ni, bí T tilẹ̀ ṣe bàìbàì. Ẹ lo oògùn ACT tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fún yín tán pátápátá.

2. Bí C nìkan bá hàn, àyẹ̀wò kò rí ibà. Ẹ má ṣe ra oògùn ibà. Ẹ jẹ́ kí a wá ohun mìíràn tí ó fà á. Bí ara kò bá yé gbóná, ẹ padà wá, nítorí pé àyẹ̀wò lè ṣàìrí kòkòrò tí kò pọ̀.

3. Bí C kò bá hàn, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi òmíràn tún un ṣe.

Ẹ kíyèsí èyí

HRP2 lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ibà ti kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò yìí wádìí bóyá oògùn ṣiṣẹ́.

Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí ó bá ń mí gúlegúle, tàbí bí a bá jí i tí kò jí, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ẹ gbé e lọ kíákíá.