Ẹ Wo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Òrùlé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí Ọlọ́run ti bù kún, ni ó ń wá ilé rà nísinsìnyí. Ó tọ́ kí a bá yín sọ ohun tí ojú lè rí bí alágbàtà bá ṣí ilẹ̀kùn ilé tí ó ṣófo.

Ní àwọn àdúgbò àtijọ́, bí Ìsàlẹ̀ Èkó àti àárín ìlú Ìbàdàn, inú ilé ni àwọn baba wa máa ń sin òkú àgbà sí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wo ilé níbẹ̀ lè bá ibì kan pàdé nínú yàrá, tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ga ju ti ìyókù lọ, tí a sì fi ẹní àti àpótí bò ó. Alágbàtà yóò wí pé ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò omi kà ni. Irọ́ ni, ojú oórì ni. Àjèjì mìíràn a tilẹ̀ sá jáde láìdé ẹ̀yìnkùlé. Ní tiwa, kì í ṣe òkú tí ó ti dákẹ́ ni a ń bẹ̀rù, bí kò ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà láàyè. Bí ẹni tí ó kọ́ ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àṣà wa sọ ilé náà di ti ẹbí, kóòtù sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní Èkó ní 1908, ni àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí. Bí ọmọ kan tí kì í ṣe olórí ẹbí bá dá a tà, kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí pàápàá bá tà á láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà ìdí-igi, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì yí títà náà padà. Owó a sì ti lọ.

Nígbà mìíràn, ògiri ni ó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni a ti rí “Ilé yìí kì í ṣe títà” lára ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ tà á ní kọ̀rọ̀ a ti fi ọ̀dà pa á rẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀dà tútù lára ògiri àtijọ́, ẹ béèrè ohun tí ó bò.

Ó lè jẹ́ àmì pupa tí àwọn aláṣẹ kùn sára ilé tí ó yẹ kí a wó ni ó bò. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, 2019, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wó lulẹ̀ ní ojúmọmọ ní Ìta Fààjì, ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Bí 20 ènìyàn ni ó kú. Àwọn aláṣẹ wí pé a ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ fún wíwó.

Ẹ mú bíríkìlà dání. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ òjò láìsọ fún alágbàtà. Kí ẹ sì ra àkàrà díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tí ń dín in ní òdìkejì ọ̀nà, kí ẹ bi í léèrè ẹni tí ó sùn sí yàrá náà, àti iye ọmọ tí ó bí.